Ọkùnrin Ìdí Máìkì Tó Kọ́ Mi Lọ́rọ̀ Sísọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó rojọ́, torí mo mọ ara mi: tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, mo lè gbàgbé ọpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń kólòlò, tó jẹ́ pé òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dìde níwájú àwọn èèyàn ńlá, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà sì wọlé. Òun náà ni mo fẹ́. Àmọ́ kí bàbá mi tó gbà kí n fẹ́ ẹ, ojú mi rí tó.

Ní ilé wa, kò sẹ́ni tí wọ́n máa ń jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni bàbá mi fi ṣe tíṣà, nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, àwa ni wọ́n sọ di kíláàsì. Tí mo bá ní, "Bàbá, mo fẹ́ lọ...", wọ́n á ti ní, "sọ́jà, tètè dé o." Bẹ́ẹ̀ ilé ọ̀rẹ́ mi ni mò ń lọ. Màmá mi ń bá Bàbá parí ọ̀rọ̀, àbúrò mi ń bá Màmá parí tiwọn, èmi náà ò gbẹ́yìn. A ò ṣe é láti rí ẹnikẹ́ni fín. A rò pé ìrànlọ́wọ́ là ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé. Nígbà náà, tí ìyá bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìyá á máa lọ sílé, ọmọ á máa wà lọ́dọ̀ wa. Láàárọ̀, ìyá á dé, á dúró sẹ́yìn gíláàsì, á máa wo ọmọ tó bí bí ẹni ń wo ọmọ aládùúgbò. Yàrá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa tó jẹ́ pé àga tó ti kán ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n kó àga kúrò, kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà síbẹ̀ fún àwọn ìyá. Ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì ní ó dáa, kí n wá fẹnu ara mi sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwòsàn.

Mo kọ ojú ìwé mọ́kàndínlógún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo dìde níwájú wọn nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, mo dorí kodò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Nígbà tí mo dé ojú ìwé keje, dókítà àgbà ti ń wo fóònù. Nígbà tí mo dé ìkọkànlá, alága bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bóyá ó ṣì kù púpọ̀. Wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ti bá ìgbìmọ̀ ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kú nìyẹn.

Mo lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo ń sunkún. Wọ́n ní béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Mo rí ọkùnrin kan tó ń ká wáyà. Òun ló ń bójú tó máìkì àti gbogbo ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn náà, gbogbo wa sì ń pè é ní Onímáìkì. N ò bá a sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ rí. Ó wò mí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ̀rọ̀..." Ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu. Èmi ọmọ bàbá mi, kíá ni mo bá a parí ẹ̀: "dáadáa, àbí?" Ó mirí. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó fara balẹ̀, ó sì sọ ọ́ tán: "Ẹ sọ̀rọ̀ fún ìwé. Ẹ ò bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Ara mi kọ́kọ́ gbóná. Akólòlò wá ń bá mi wí lórí ọ̀rọ̀ sísọ! Ṣùgbọ́n mo jókòó, torí kò sí ibi tí mò ń lọ tí ojú ò ní tì mí.

Ọdún kọkànlá tó ti wà nídìí máìkì nìyẹn. Kò sí irú olùsọ̀rọ̀ tí kò tíì gbọ́, látorí oníwàásù dórí àwọn tó ń polówó oògùn ehín. Ó ní ìwé kékeré kan nínú àpò. Kì í kọ ohun tí olùsọ̀rọ̀ sọ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tàbí tó wo aago, ló máa ń kọ. Ó ṣí tèmi hàn mí. Ìṣẹ́jú kẹrin ni. Ó ní tí mo bá fẹ́, ìgbìmọ̀ á tún jókòó lóṣù mẹ́ta sí i, òun á sì ràn mí lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé tí a bá ti sinmi lọ́sàn-án, inú gbọ̀ngàn òfìfo yẹn ni mò ń sá lọ. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó ní ta ló máa jókòó sórí àga kọ̀ọ̀kan, kí ló sì ń ba onítọ̀hún lẹ́rù. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n lọ wádìí. Mo wádìí, mo rí i pé dókítà àgbà ń bẹ̀rù kí àwọn ìyá má kó àrùn wọlé, alága sì ń bẹ̀rù kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ má kún bí ibùdókọ̀. Nínú ojú ìwé mọ́kàndínlógún tí mo kọ, n ò dáhùn ìkankan nínú méjèèjì. A dín ojú ìwé náà kù sí mẹ́fà, lẹ́yìn náà sí ẹyọ káàdì kan tí ọ̀rọ̀ orí ẹ̀ ò ju ìlà márùn-ún lọ.

Ó ní kí n máa bá àga tó wà lẹ́yìn pátápátá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ti iwájú. Ó ní kí n wo ẹnì kan títí gbólóhùn kan á fi tán kí n tó wo ẹlòmíì. Gbogbo ìyẹn ò le. Èyí tó le ni dídákẹ́. Ó ní tí mo bá ti sọ ohun tó wúwo, kí n dákẹ́, kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e fúnra wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, tí yàrá bá dákẹ́, wọ́n á bi wá bóyá ara wa ò yá ni. N ò lè ka eéní, èjì, ẹ̀ta lọ́kàn kí n má la ẹnu. Òun á jókòó sídìí ẹ̀rọ ẹ̀, á nàka sókè, á máa kà á fún mi. N ò rí ẹni tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

N ò mọ ọjọ́ tí ìfẹ́ wọlé. Mo kàn ṣàkíyèsí pé mo ti ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lárààárọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi sì ti ń bi mí ohun tí mò ń jẹ lọ́sàn-án tí kì í tánni lẹ́nu. Mo dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ ni mò ń kọ́. Wọ́n ní àwọn náà gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, n ò mú ìwé dání. Mo mú fìlà kan tí wọ́n fi òwú hun, tí kò tóbi ju ọsàn lọ, mo gbé e lé alága lọ́wọ́. Mo ní fìlà ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wa lónìí nìyẹn, ìyá ẹ̀ sì wà lẹ́yìn gíláàsì báyìí, kò tíì gbé e rí. Mo dákẹ́. Mo wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo rí ìka Onímáìkì lókè, ó ń kà á. Alága ò mọ ibi tó máa gbé fìlà náà sí. Ìgbà yẹn ni mo wá dáhùn ọ̀rọ̀ àrùn, mo dáhùn ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni gbogbo ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó àga kúrò.

Ìròyìn dé etí bàbá mi. Inú wọn dùn dé ẹ̀yìn. Wọ́n ń sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ àwọn bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, ìgbìmọ̀ ò rí èsì fọ̀, pé ẹnu àwọn ló jogún. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì tún un ṣe. Mo jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, torí ó dùn mọ́ mi náà. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo sì jẹ̀bi.

Onímáìkì ní òun fẹ́ mi. Gbólóhùn kan péré ni, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Mo ti mọ ibi tó ń lọ látìbẹ̀rẹ̀, ahọ́n ń yún mi kí n bá a parí ẹ̀, ṣùgbọ́n mo di eyín pọ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo ní mo gbà. A jọ fẹnu kò pé kó wá rí bàbá mi ní Sátidé, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó bá wá; n ò sọ fún wọn ṣáájú.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, rédíò Bàbá dákẹ́. Wọ́n ní kí Màmá bá àwọn wá ẹni tó lè tún un ṣe. Èmi ò gbọ́, mo wà ní kíṣìnì, mò ń múra àlejò. Onímáìkì kanlẹ̀kùn, Bàbá ṣílẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí wọn, ó ní, "Bàbá, mo wá... mo wá..." Bàbá ní, "wo rédíò! O káre, wọlé." Màmá ti gbé rédíò dé. Ọkùnrin mi, ẹ̀kọ́ ilé pọ̀ lára ẹ̀, kò lè já àgbàlagbà nírọ́ lójú ara wọn. Nígbà tí mo gbé omi jáde, àfẹ́sọ́nà mi ti wà nílẹ̀, ó ti tú ẹ̀yìn rédíò. Ó tún un ṣe. Ó mu omi. Bàbá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wá ń sọ fún mi pé irú ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n láyé òde òní.

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Mo sáré lọ bá àǹtí mi, àbúrò Bàbá, tó jẹ́ aránṣọ. Ẹnu àǹtí mi kì í sinmi àfi tí wọ́n bá fi eyín há abẹ́rẹ́. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ fáwọn, wọ́n sì lọ là á yé Bàbá pé kì í ṣe rédíò ni ọmọ yẹn wá wò. Ojú Bàbá yí padà. Èsì tí wọ́n fi rán Àǹtí sí mi, kò sí àwàdà nínú ẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mi ò jẹ'. Ẹni tí kò lè sọ ohun tó bá wá sílé mi, tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ níta ńkọ́? Mi ò ní fi ọmọ mi ṣe agbẹnusọ fún ọkùnrin kankan." Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Ẹlòmíì á ní kí ló dé tí n ò kàn lọ fẹ́ ẹ. Mi ò lè ṣe é. Bàbá mi ló kọ́ mi níwèé lórí itan wọn, àwọn ló jókòó tì mí lóru mẹ́ta nígbà tí ibà fẹ́ gbé mi lọ. N ò fẹ́ ilé ọkọ tí wọn ò ní lè fi ayọ̀ wọ̀. Bàbá ni mo fẹ́, Onímáìkì ni mo fẹ́. Odidi oṣù mẹ́jọ ni mo fi wà láàárín àwọn méjèèjì.

Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn ni mo ṣe ohun tó dùn mí jù. A jọ lọ ra bàtà. Ẹni tó ń tajà bi Onímáìkì ní nọ́ńbà ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ há, mo sì bá a dáhùn: nọ́ńbà, àwọ̀, gbogbo ẹ̀. A sanwó, a rìn dé ìta. Ó wá ní, "Bàbá ẹ sọ òótọ́. Agbẹnusọ lo fẹ́ ṣe." Ó ta mí lára. Mo lọ sílé. Mo bi ara mi bóyá ìfẹ́ ni mo ní sí i lóòótọ́ àbí àánú, bóyá ojú Bàbá ti rí ohun tí tèmi ò rí. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má bẹ òun, kí n ṣáà máa dúró de òun. Ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì rí i pé inú ara mi ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ti padà sí mi lọ́kàn. Mo ti ń bá Bàbá jà fún oṣù mẹ́jọ, mi ò tíì bèèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo lọ bi Àǹtí. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, wọ́n gbé aṣọ tí wọ́n ń rán sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Wọ́n ní bàbá àwọn, bàbá mi àgbà, káfíńtà ni, èèyàn tí kì í fọhùn. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ibi iṣẹ́ ba pákó jẹ́, ó ní bàbá àgbà ni. Wọ́n pe bàbá àgbà síwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n tún fẹ́ sọ, ó tún gbà á. Wọ́n lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, dúró tì wọ́n, ó di ọwọ́ wọn mú. Àǹtí ní látìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n àwọn ò ti dákẹ́ mọ́.

Mo sunkún fún Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà mo bẹ Àǹtí pé kí wọ́n bá mi gba ààyè lọ́dọ̀ Bàbá, kí n dìde sọ̀rọ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀, kí Onímáìkì sì wà níbẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni wọ́n, wọn ò lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn á máa wo aago. Onímáìkì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta nínú gbọ̀ngàn, ó ń yọ tibí, ó ń yọ tọ̀hún. Ó gba káàdì lọ́wọ́ mi. Ó ní ilé ni mò ń lọ, mi ò nílò ẹ̀.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, wọ́n to àga márùn-ún sí pálọ̀. Bàbá, Màmá, Àǹtí, Onímáìkì létí ògiri. Bàbá bọ́ aago ọwọ́, wọ́n gbé e lé itan. Mo dìde síwájú wọn. Mo ní, "Bàbá, mo dìde láti..." Bàbá ní, "tọrọ àforíjì." N ò bá wọn jiyàn. Mo dákẹ́, mo ń wò wọ́n. Mo ka eéní, mo ka èjì, mo kà á dé mẹ́wàá. Àǹtí fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, Bàbá ní, "Ó dáa, láti ṣe kí ni?"

"Láti dúpẹ́," ni mo wí. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yangàn káàkiri àdúgbò, kì í ṣe ẹnu wọn ni mo jogún. Mo ròyìn ojú ìwé mọ́kàndínlógún, ìṣẹ́jú kẹrin, gbọ̀ngàn òfìfo, ìka tó ń kà á fún mi. Mo ní ẹni tó kọ́ mi nìyẹn létí ògiri, ojú sì ń tì mí pé mo fi odidi ọdún kan gba ìyìn tó jẹ́ tiẹ̀. Màmá wò ó, wọ́n tún wò mí. Bàbá ò wo aago mọ́.

Mo wá sọ èyí tó wúwo. Mo ní, "Bàbá, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá àgbà. Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà lẹ́nu, Bàbá. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó dúró kí wọ́n sọ ọ́ tán ni. Nílé wa níbí, àwa náà kì í dúró." Mo dákẹ́. Mo jókòó.

Mi ò rí bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n bojú wolẹ̀, wọ́n mú aago kúrò lórí itan. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n bi Onímáìkì ní ohun tí òun náà fẹ́ sọ.

Ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ há. Màmá la ẹnu láti ràn án lọ́wọ́, Bàbá gbọ́wọ́ sókè, Màmá pa ẹnu dé. Ọ̀rọ̀ tún há. Èmi di àga mú. Bàbá tẹra síwájú, wọ́n ń wo ojú ẹ̀, wọn ò mira, wọ́n dúró títí. Ó jáde nígbẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀: "Ọmọ yín ni mo wá tọrọ. Ẹ ṣé, Bàbá, tí ẹ dúró."

Bàbá yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún nù ún. Wọ́n ní, "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń sọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń kí mi pé ẹ ṣé. Kò sẹ́ni tó kí mi rí torí pé mo dákẹ́."

Wọ́n gbé àga wọn, wọ́n fà á sún mọ́ tiẹ̀, wọ́n ní kó jókòó. Wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Ó kù," ni Bàbá wí. "Mo mọ̀ pé kò tíì tán nínú ẹ. Máa sọ ọ́ lọ, ọmọ mi."